Kí N Ṣáà Dé Ìdí Máńgòrò

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀. Àkùkọ ilé Wọ̀rú ti kọ tán,
mo sì ń purọ́ fún ẹsẹ̀ mi.
Mo ní, "Má bínú, a ò ní lọ jìnnà lónìí.
Kí n ṣáà dé ìdí máńgòrò, ká padà."
Ẹsẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni.
Ó ti tó oṣù mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń pa á,
síbẹ̀ ó ń gbà á gbọ́, bí ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀.

Jẹjẹrẹ. Ní Kútọnu ni wọ́n ti gé e. Ti òsì.
Dókítà, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún,
ó ní, "Màmá, ẹ máa rìn. Ẹ má jókòó ti àìsàn."
Mo ní, "Kí n máa rìn lọ síbo?"
Ó wo fèrèsé. Kò mọ Ṣábẹ̀ẹ́.

Kò mọ̀ pé a ní ojú irin tí rélùwéè kò gbà mọ́,
tí koríko ti fi ṣe ilé.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀:
Bọ̀hìkọ́n, Dáṣà, Pàràkú.
Mò ń rán ènìyàn lọ, èmi kì í lọ.

Ní báyìí mò ń ka àwọn irin ìdábùú.
Lọ́jọ́ kìíní, mọ́kànlá. Mo jókòó sórí èkejìlá, mo sunkún;
ewúrẹ́ kan dúró, ó ń wò mí, ó ń jẹ̀.
Lánàá, irinwó ó lé méje.
Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn
bí ẹni ń kọ gbèsè oníbàárà.

Wọ̀rú náà ń rìn. Tirẹ̀, ìsàlẹ̀ ikùn ni, nǹkan ọkùnrin,
kì í dárúkọ rẹ̀.
A kì í jọ rìn. Òun ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé iṣẹ́ ṣúgà, èmi ń lọ,
a ó pàdé nídìí òpó àmì tó ti dípẹtà.
Á ní, "Ṣé ẹ ò tíì kú?"
Mà á ní, "Mi ò ráàyè."
Ó parí. Ẹ̀rín yẹn ló ń gbé mi dé ọgọ́rùn-ún tó kàn.

Ọjọ́ kan tí mi ò bá a níbẹ̀,
ìbínú ni mo fi rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.
Ó wà lórí ẹní. Ó ní ó ti rẹ òun.
Mo ní, "Ó rẹ èmi náà. Wọ bàtà."

Ẹ má pè mí ní alágbára.
Ọjọ́ míì òjò á máa rọ̀, inú mi á dùn pé ó ń rọ̀.
Ọjọ́ míì apá òsì á wú bí búrẹ́dì inú tíì,
mà á kọjú sí ògiri, mà á ní kí Jọláadé sọ pé mo ti jáde.
Ọmọ náà á mú ṣọ́ọ̀kì, á kọ òdo sẹ́yìn ilẹ̀kùn,
òdo ńlá, roboto, bí ojú òwìwí.
Òdo yẹn kì í jẹ́ kí n sùn.

Òwúrọ̀ yìí, ìrì ti rẹ etí ìró mi.
Máńgòrò ti wà lẹ́yìn, ó pẹ́.
Oòrùn ń yọ lẹ́yìn òkè wa,
àpáta méjì tí àwọn Faransé wò lókèèrè, tí wọ́n pè ní ọmú.
Nígbà tí a wà lọ́mọge, a máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀.
Láti ìgbà Kútọnu, mi ò gbójú sókè wò wọ́n,
irin ni mò ń kà, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Irinwó ó lé mọ́kànlá. Mo dúró kí n mí.
Mo gbójú sókè.
Láti ibi tí mo dé yìí,
ọ̀kan ti bo èkejì,
ẹyọ kan ṣoṣo ni ojú ń rí.
Òkè ṣì ni.

Ó ku àbọ̀. Irọ́ ti àbọ̀ yàtọ̀:
"Kí n ṣáà délé, àkàrà gbígbóná wà níbẹ̀."
Kò sí àkàrà kankan.
Ẹsẹ̀ gbéra.